Benga Ọmọ Adéjùmọ̀ àti Àwọn Tó Ń Ṣe Bíìtì Lójú Ọ̀nà Mowe

Ní ọdún 2008, àwo orin kan jáde nílùú London tí wọ́n pè ní Diary of an Afro Warrior. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lógún ọdún ló ṣe é. Adegbenga Adejumo lorúkọ rẹ̀, Croydon ní gúúsù London ló ti jáde wá, Benga sì ni gbogbo agbo ijó mọ̀ ọ́n sí. Ìwọ̀nba ni ohùn ènìyàn nínú àwo náà. Ìlù ló pọ̀ níbẹ̀, àti béèsì: ohùn ìsàlẹ̀ tí etí ń gbọ́ ìdajì rẹ̀, tí igẹ̀ ń gbọ́ ìdajì tó kù. Dubstep ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, Benga àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mélòó kan ló sì ti wà nídìí rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì lórúkọ.

Ó wù mí kí ìtàn ọmọ Adéjùmọ̀ yìí di ohun tí wọ́n ń sọ ní Mowe, Ibafo àti Ifo, nítorí irú iṣẹ́ tó ṣe nígbà náà ni àìmọye ọmọ ń ṣe ní agbègbè wa yìí lónìí. Mowe àti Ibafo wà lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé. Ifo wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí ojú irin àtijọ́ ti yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdogò. Owó ilé Èkó ló lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí wá. Àwọn ọmọ wọn ń dàgbà sínú oríṣiríṣi orin: fújì láti ibi ìnáwó ní òpin ọ̀sẹ̀, orin ìyìn láti ilé ìjọsìn, amapiano láti inú kẹ̀kẹ́ Márúwá, orin ìgboro láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń da orin sínú mẹ́mórì káàdì. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ da orin kan pọ̀ mọ́ èkejì. Etí wọn ti dà á pọ̀ kí ọwọ́ wọn tó kan kọ̀ǹpútà.

Ohun tí ìtàn Benga fi yé mi ni pé iṣẹ́ béèsì kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe. Ẹni tó ń wò ó lókèèrè á ní ọmọ kan, kọ̀ǹpútà kan, yàrá kan, ó parí. Kò parí síbẹ̀ rárá. Kí n tó sọ bí ó ṣe rí ní Croydon, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo béèsì fúnra rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n ni gbogbo ohùn tí à ń gbọ́. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá a máa gbọ́ láti èyí tó ń gbọ̀n nígbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan títí dé èyí tó ń gbọ̀n nígbà 20,000. Ìsàlẹ̀ pátápátá, láti 20 sí nǹkan bí 60, ni oko àwọn oníbéèsì. Ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 50 gùn tó mítà 7. Sípíkà fóònù, tí kò ju èékánná lọ, kò ní agbára láti ti irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí orin tó ń mi ògiri níbi ìnáwó fi máa ń dún bí ohùn ẹ̀fọn nínú fóònù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wá dọ́gbọ́n sí i. Wọ́n á mú kí béèsì náà há díẹ̀, kí ó máa bí ọmọ sókè: bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 50, á tún dún ní 100, ní 150, ní 200. Fóònù á gbé àwọn ti òkè wọ̀nyí jáde, ọpọlọ ẹni tó ń gbọ́ á sì fúnra rẹ̀ dá 50 tí kò sí níbẹ̀ padà. Ọgbọ́n yìí wúlò púpọ̀ fún ẹni tó mọ̀ pé inú fóònù ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ òun.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí fóònù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Yàrá tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe bíìtì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti lóròó. Nínú yàrá tó gùn báyẹn, ohùn tó wà ní nǹkan bí 47 á máa lu ògiri, á máa padà pàdé ara rẹ̀. Á ròkè gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láàárín yàrá. Ọmọ tó gbé àga sáàárín kò gbọ́ béèsì rẹ̀, ó tún fi kún un, ó tún fi kún un. Nígbà tí wọ́n bá gbé orin náà dé ibi ìnáwó, béèsì á bo gbogbo ohùn yòókù mọ́lẹ̀, sípíkà á sì máa rùn bí iná. Wọ́n á ní ọmọ náà kò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Yàrá ló parọ́ fún un.

Àwọn baba wa kò kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohùn ìsàlẹ̀, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un. Gbẹ̀du ọba kì í ṣe ìlù tí ẹnikẹ́ni kàn ń lù. Ìgbìn Ọbàtálá wúwo, ó dúró lórí ẹsẹ̀ bí àgbàlagbà. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyá ìlù, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí orin ìgbàlódé dé, kí gìtá béèsì tó gbilẹ̀, àgídìgbo ló ń gbé ìsàlẹ̀ orin fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin wa: àpótí onígi tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, tí alùlù á gbé lé itan. Adéolú Akínsànyà, Bàbá Ẹ̀tò, fi irú orin bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀ láyé 1950. Fàtáì Rolling Dollar, tó di arúgbó tó ṣì ń jó lórí ìtàgé kó tó kú ní 2013, ta àgídìgbo kí ó tó di onígìtá tí gbogbo ayé mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé béèsì jẹ́ àṣà àwọn òyìnbó tí àwọn ọmọ ń sín jẹ, ẹ ní kó lọ gbọ́ àgídìgbo.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Croydon wàyí. Ní òpópónà Surrey Street, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà èso àti ẹ̀fọ́, ilé ìtajà rẹ́kọ́ọ̀dù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Big Apple. Láàárín ọdún 2000 sí 2003, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tí orin ijó garage ti wọ̀ lára ń pé jọ sí. DJ kan tó ń jẹ́ Hatcha ń tajà níbẹ̀. Oliver Jones, tí wọ́n ń pè ní Skream, náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Arthur Smith, tí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Artwork, ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lókè ilé ìtajà náà. Benga ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ní ìgbà náà, eré orí PlayStation kan wà tó ń jẹ́ Music 2000, tí ọ̀pọ̀ ọmọ London fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìlù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni FruityLoops gbòde, ètò kọ̀ǹpútà kan náà tí wọ́n ń pè ní FL Studio báyìí, tó sì wà nínú láptọ́ọ̀pù àwọn pródúsà wa láti Agége dé Ibafo. Benga àti Skream di ọ̀rẹ́. Wọ́n a máa pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n á gbé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sí etí ara wọn. Big Apple tún dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti tẹ iṣẹ́ àkọ́kọ́ Benga jáde, ṣáájú The Judgement tí òun àti Skream jọ ṣe ní 2003.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ilé kan ṣoṣo yẹn. Ẹni tó ń tajà ń gbọ́ gbogbo orin tó ń wọlé, ó mọ èyí tó dára. DJ tó máa lu orin náà fún àwọn tó ń jó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó mọ ẹ̀rọ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde wà nídìí káńtà. Ọmọ ọdún 15 á kó iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n á sọ ibi tó kù sí fún un lójú ẹsẹ̀, á padà sílé lọ tún un ṣe. Ilé ìtajà náà ti kógbá sílé tipẹ́, ṣùgbọ́n orin tó ti ibẹ̀ jáde ti dé Japan àti Amẹ́ríkà.

Ohun kejì tí wọ́n ní ni ibi tí béèsì ti lè sọ òtítọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ òde ijó kan ní London ní 2001 tí wọ́n ń pè ní FWD. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Plastic People ní Shoreditch, yàrá kékeré kan tí òkùnkùn kún, àmọ́ tí sípíkà rẹ̀ dára lọ́nà tó kọjá sísọ. Ní 2005, Mala, Coki àti Loefah bẹ̀rẹ̀ òde DMZ ní Brixton. Àwọn ọmọ yìí á ṣe orin lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á gé e sórí àwo kan ṣoṣo ní ọjọ́ mélòó kan sí i, wọ́n á gbé e lọ síwájú sípíkà ńlá ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí béèsì náà bá ṣe àṣìṣe, gbogbo ilé á mọ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó bá sọ, òun ni wọ́n ń padà lọ tẹ̀ lé. Redio Rinse FM, tó ń ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ ìjọba láti 1994 títí wọ́n fi fún un ní ìwé àṣẹ ní 2010, á wá gbé e dé etí àwọn tí kò lè wá.

Ọ̀rọ̀ ìyára dubstep wù mí púpọ̀. Lórí ìwé, ìyára rẹ̀ jẹ́ lílù 140 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ìlù ńlá rẹ̀ máa ń bọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ara fi ń gbọ́ 70. Ẹni tó fẹ́ sáré á bá 140 lọ, ẹni tó fẹ́ rọra mì á dúró lórí 70, àwọn méjèèjì kò sì ní kọlu ara wọn. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ dùndún rí kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Gúdúgúdú ń sáré, kì í sinmi. Ìyá ìlù ń fara balẹ̀ kọ oríkì lórí rẹ̀. Ìyára méjì ń gbé pọ̀ nínú ìlù kan, oníjó sì ní ẹ̀tọ́ láti yan èyí tó wù ú. Etí tó ti gbọ́ èyí láti kékeré ní ohun kan lọ́wọ́ tí owó kò lè rà.

Lórí irú ìpìlẹ̀ báyìí ni Benga ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù, ìyẹn Night, tí òun àti Coki jọ ṣe tí ilé iṣẹ́ Tempa sì gbé jáde. Kò sí nǹkan púpọ̀ nínú orin yẹn: béèsì kan tó ń fò bíi bọ́ọ̀lù, ìlù tó lẹ́gẹ́, àyè tó ṣófo. Ṣùgbọ́n ní 2008, àwọn DJ house ń lù ú, àwọn DJ garage ń lù ú, àwọn tó ń lu funky náà, orin ijó tí àwọn ọmọ Áfíríkà àti Karíbíánì ní London ń jó nígbà náà, kò fi í sílẹ̀. Orin tó bá dúró déédéé ní ìsàlẹ̀, tí kò kún jù lókè, rọrùn fún DJ láti gbé wọ inú orin mìíràn. Bí Benga ṣe di ẹni tí agbo kan kò lè gbà pé tiwa nìkan ni nìyẹn. Ó fi dubstep ṣe ilé, àmọ́ techno, garage àti house ń wọlé ń jáde níbẹ̀.

Iṣẹ́ DJ tó fẹ́ da orin pọ̀ ní ìṣirò tirẹ̀. Lára ẹ̀rọ ayírẹ́kọ́ọ̀dù Technics tí àwọn DJ ayé gbogbo mọ̀, ọ̀pá kékeré kan wà tó lè mú orin yára tàbí kó falẹ̀ pẹ̀lú ìdá 8 nínú 100. Amapiano tó wà ní 115 á dé 124 bí a bá ti ọ̀pá náà dópin, á sì bá house jó. Kò lè dé 140 láéláé. Ẹni tó fẹ́ gbé agbo láti amapiano lọ sí dubstep gbọ́dọ̀ wá afárá: orin tí ìlù rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, ohùn ènìyàn lásán, tàbí orin tí ara ń gbọ́ ní ìdajì. Àwọn ẹ̀rọ òde òní lè fa orin dé ibi tó bá wù wá, ṣùgbọ́n bí a bá fà á jù, béèsì rẹ̀ á di ẹrẹ̀. DJ tó mọ afárá sàn ju DJ tó ní ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ní 2010, ìgboro gbogbo gbọ́ ọ. Benga ló ṣe orin Katy B On a Mission fún ọmọbìnrin London tó ń jẹ́ Katy B, orin náà sì dé ipò karùn-ún nínú àwọn orin tó tà jù ní Brítéènì. Lọ́dún yẹn kan náà, òun, Skream àti Artwork, àwọn ará Big Apple, gbé àwo jáde lábẹ́ orúkọ Magnetic Man. Lẹ́yìn náà, òun àti Skream tún ṣe ètò lórí BBC Radio 1.

Kò dá nìkan jẹ́ ọmọ Yorùbá nínú iṣẹ́ yìí o. Ní Tottenham, ní àríwá London, Joseph Adenuga, tí ayé mọ̀ sí Skepta, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi DJ àti pródúsà orin grime kó tó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ó gba ẹ̀bùn Mercury ní 2016, ní 2018 sì ni wọ́n fi í joyè Amúlùúdùn ní Odò-Ajé ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ní 2023, òun àti Jammer dá ilé iṣẹ́ orin house sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Más Tiempo. Lọ́dún yẹn náà ni orin Tony Montana jáde, èyí tí òun àti Portable jọ ṣe, Portable tí Ìyànà-Ìlógbò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifo mọ̀ dáadáa. Ọ̀nà Ifo sí Tottenham ti là. Ẹsẹ̀ ọmọ ìgboro ló là á.

Ní tiwa níbí, orin tí àwọn ọmọ fi ń da nǹkan pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní cruise, tàbí mara. DJ YK Mule àti DJ CORA wà lára àwọn tí orúkọ wọn ti jáde jù nídìí rẹ̀. Ó yára, ó ń yí po lójú kan, ìlù rẹ̀ le, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ aláwàdà tàbí ti ẹni tó ń jà lójú pópó sínú rẹ̀, wọ́n á máa tún un sọ títí yóò fi di ìlù fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in, lórí WhatsApp, lórí TikTok, nínú mẹ́mórì káàdì. Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbà pè é ní ariwo. Mo ní kí wọ́n tún un gbọ́. Fújì wà nínú rẹ̀, house wà nínú rẹ̀, béèsì log drum tí amapiano gbé wá láti South Africa wà nínú rẹ̀. Ohùn log drum yẹn gan-an, inú FL Studio ni wọ́n ti rí i, nínú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Fruity DX10, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọjá lára rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láìfi ṣe nǹkan kan. Àwọn ọmọ àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní South Africa ló rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Magicsticks da irú béèsì bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ègbè tó jọ ti fújì fún Aṣákẹ́ nínú Mr. Money With The Vibe ní 2022, gbogbo ayé jó. Irinṣẹ́ tó ṣe èyí wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbé ẹ̀yìn ọjà Ibafo.

Kí wá ni kò sí? Iná kò dúró, gbogbo wa mọ ìyẹn, owó epo bẹntiróòlù sì ti lọ sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sí Big Apple lójú ọ̀nà wa. Kò sí ilé kan tí ọmọ ọdún 15 lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀ kí DJ, onísípíkà àti ẹ̀gbọ́n tó mọ ẹ̀rọ jọ gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ kan á dá ṣe é, á jù ú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á lọ sùn. Kò sì sí ibi tó ti lè gbọ́ béèsì rẹ̀ lórí sípíkà ńlá, àfi bí wọ́n bá gbà á síbi ìnáwó ẹlòmíràn, níbi tí kò ti ní ẹ̀tọ́ láti ṣàṣìṣe.

Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ sípíkà wà nítòsí. Àwọn ilé ìjọsìn ńlá tó wà ní agbègbè Mowe àti Ibafo, Redemption City ti Ìjọ Ìràpadà àti Prayer City ti àwọn MFM, ń gbé ohùn dé ọ̀dọ̀ èrò tí ojú kò lè ká. Iṣẹ́ kékeré kọ́. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé ẹni tó jókòó sí kìlómítà kan sí pẹpẹ á fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta pẹ́ kó tó gbọ́. Ẹni tó ń to sípíkà gbọ́dọ̀ dá ohùn àwọn tó wà lẹ́yìn dúró díẹ̀, kí tiwájú bá wọn dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwàásù á di gbohùn-gbohùn. Ọmọ tó bá kọ́ èyí nínú ìjọ ti kọ́ ohun tí àwọn onísípíkà Brixton mọ̀. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ onísípíkà tó dáńtọ́ jùlọ ní agbègbè wa, inú ìjọ ni wọ́n wà. Kí ìjọ má fẹ́ orin ìgboro, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ kì í ṣe orin ìgboro, wọ́n lè fi kọ́ ọmọ àdúgbò láìbá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀. Orúkọ Benga wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́, ìdí nìyí tí mo fi lè kọ àpilẹ̀kọ yìí. Lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún bíìtì mara tó ń káàkiri, ta ló mọ ẹni tó ṣe ìdajì wọn? Ẹlòmíràn á gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò, á fi orúkọ ara rẹ̀ síwájú, ó di tirẹ̀ nìyẹn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tuntun tí Buhari, ààrẹ ìgbà náà, buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023 dáàbò bo ohùn tí a gbà sílẹ̀ láti ìgbà tí a bá ti gbà á sílẹ̀, kò dìgbà tí a bá san owó ìforúkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni òfin ń bèèrè. Ẹ tọ́jú fáìlì iṣẹ́ yín bó ṣe wà nínú FL Studio, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.

Apá tó kù nínú ìtàn Benga nira láti sọ, òun ni mo sì fẹ́ kí àwọn òbí kà jù. Ní 2014, ó kéde pé òun fẹ́ fi eré orí ìtàgé sílẹ̀. Ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu, ọmọkùnrin tí kò tíì pé 30 ọdún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó jáde sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba. Àìsàn ọpọlọ ni, méjì pọ̀: bipolar àti schizophrenia. Ó ní oògùn olóró ló fa ọ̀kan, àṣejù ìrìn àjò eré ló fa èkejì. Lẹ́yìn náà, ó padà sídìí orin. Àwọn oníṣègùn á sọ pé ohun tó ń fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pọ̀, àjogúnbá ìdílé wà níbẹ̀, ìgbé ayé wà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n mọ̀ dájú pé àìsùn lè ru bipolar sókè.

Àìsùn sì ni oúnjẹ òòjọ́ àwọn tó ń ṣe bíìtì lọ́dọ̀ wa. Aago kan òru ni NEPA ń mú iná dé, aago kan òru náà ni wọ́n á dìde. Ọjọ́ Sátidé wọ́n á lu orin síbi ìnáwó di ìdájí, ọjọ́ Àìkú wọ́n á tún lọ síbòmíràn. Láti lè dúró, wọ́n á mu ohun tó ń lé oorun lọ. Àwọn kan á kọjá sí tramadol. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de omi òògùn ikọ́ tó ní codeine ní 2018, gbogbo ìgboro mọ ohun tó fà á. A ti rí ọmọ tó gbọ́n, tó mọ iṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí àwọn ènìyàn ní wọ́n ṣe é láti ilé bàbá rẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Ifo, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà. Gbogbo wa mọ bí a ṣe ń fi orúkọ ibẹ̀ bú ara wa. Ó yẹ kí ó jẹ́ ohun ìwúrí ni. Ọ̀mọ̀wé Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aro ní 1954. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, wọ́n ń jẹ́ kí ó máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ó máa wá gba ìtọ́jú, kí ó máa bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olùdarí àgbà fún àjọ ìlera àgbáyé. Ohun tó mọ̀ nígbà náà ni pé ọpọlọ tó dàrú kì í tètè bọ̀ sípò láàárín ògiri mẹ́rin, bí kò ṣe láàárín ènìyàn. Ó kan àwọn ọmọ tó ń dá gbé yàrá ṣe béèsì náà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti ń ṣe bíìtì, ẹ má kàn pariwo lé e lórí pé kó pa á. Ẹ bi í léèrè ìgbà tó sùn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yí padà, tí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní kíákíá, ẹ má dúró de ìran tí wọ́n á rí sí i.

Ẹ̀yin DJ tẹ́ ẹ ti lórúkọ ní Mowe àti Ifo, ẹ mú àbúrò kan mọ́ra, kó máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá síwájú yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ láti Ibafo dé Ifo, gbọ̀ngàn yín ń ṣófo láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀. Ẹ bá àwọn onísípíkà yín sọ̀rọ̀. Ẹ fún àwọn ọmọ yìí ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ níwájú sípíkà ńlá, ní ọ̀sán, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n wá gbọ́ béèsì wọn bó ṣe rí gan-an, kí wọ́n sì lọ sùn.